Church Vaughan, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó di ará Èkó

Ní ọdún 1828 ni a bí James Churchwill Vaughan ní ìlú Camden, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Church ni a máa ń pè é. Scipio, bàbá rẹ̀, ti ṣe ẹrú kí ó tó gba òmìnira. Maria Conway, ìyá rẹ̀, jẹ́ obìnrin tí ó wà ní òmìnira. Ìyá ni òfin ibẹ̀ ń wò: ọmọ ẹrúbìnrin, ẹrú ni, ọmọ obìnrin tí ó lómìnira, olómìnira ni. Báyìí ni Church àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú.

Ṣùgbọ́n òmìnira náà kò kún ọwọ́. Aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò dúró fún un. Ní ọdún 1834, òfin tún sọ pé aláwọ̀ dúdú kankan kò gbọ́dọ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìwé.

Scipio kú ní ọdún 1840. Ìdílé rẹ̀ ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé, nígbà tí ikú kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ òun padà sí Áfíríkà, ilẹ̀ àwọn baba òun. Wọ́n tún ń sọ pé ará Abẹ́òkúta ni. Èyí ṣòro láti gbà, nítorí ọdún 1830 ni a tẹ Abẹ́òkúta dó, Scipio sì ti wà ní Camden ṣáájú ìgbà náà. Ó jọ pé àwọn ọmọ ọmọ ni ó fi orúkọ ìlú tí Church gbé lẹ́yìn náà kún ìtàn baba ńlá wọn.

Nígbà tí ọdún 1852 ń parí lọ, Church wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Làìbéríà. Àwọn arábìnrin rẹ̀ dúró sí Camden. Òfin South Carolina sì sọ pé aláwọ̀ dúdú olómìnira tí ó bá jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ìdágbére ńlá ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Church. Ní ọdún 1855, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà gbà á sí iṣẹ́, ó sì bá wọn wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó tẹ̀dó sí Ìjàyè, ìlú Kúrunmí. Ẹni tí ó sá fún oko ẹrú wá bá àwọn ọmọ baba rẹ̀ tí wọ́n ń kó ara wọn lẹ́rú. Ní ọdún 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Church náà gbé ìbọn. Ní ọdún 1862, Ìjàyè fọ́, ohun gbogbo tí ó ní sì ṣègbé.

Ó lọ sí Abẹ́òkúta. Ogun Dàhòmì kọlu ìlú náà ní ọdún 1864, ogun kan náà tí àwọn Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé mọ̀ dáadáa, nítorí ó ń kó wọn lẹ́rú léraléra. Ẹ̀gbá lé e padà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1867, àwọn ará ìlú fọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Church kó lọ sí Èkó pẹ̀lú Sarah Omotayo, aya rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ta irin iṣẹ́ àti ohun ìkọ́lé, ó sì di ọlọ́rọ̀.

Ní ọdún 1888, òyìnbó míṣọ́nnárì tí ó ń ṣàkóso ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó lé Moses Ladejo Stone, olùṣọ́-àgùntàn tí í ṣe ọmọ Yorùbá, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Inú bí ìjọ. Church wà lára àwọn aṣáájú tí ó jáde, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí òyìnbó kankan kò ní jọba lé lórí.

Òkun kò já okùn ìdílé náà. Lẹ́tà ń lọ láti Èkó sí Amẹ́ríkà, ó ń bọ̀, àwọn ọmọ ọmọ sì ń kọjá lọ kí ara wọn. Church kú ní ọdún 1893. Ní ọdún yẹn kan náà ni a bí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀, James Churchill Vaughan. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Glasgow, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1934 láti bá ìjọba òyìnbó jà. Kofo Ademola, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gboyè ní Oxford, ní ọdún 1935, àtọmọdọ́mọ Church ni òun náà.