Ìtàn Ìgbésí Ayé Stephen Collins Foster, Aṣẹ̀dá Orin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwa tí a ń múra láti kọ́ àwọn ọmọdé ní orin, ó yẹ kí a mọ ìtàn ọkùnrin kan tí orin rẹ̀ dé ibi púpọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ kò dé, tí orúkọ rẹ̀ kò sì bá gbogbo wọn lọ. Stephen Collins Foster ni ọkùnrin náà. A bí i ní Lawrenceville, lẹ́bàá ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1826. Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ náà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé ó pé 50 ọdún géérégé tí wọ́n ti kéde òmìnira wọn. Ọjọ́ náà gan-an sì ni méjì nínú àwọn Ààrẹ wọn àtijọ́, John Adams àti Thomas Jefferson, papòdà. Foster ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ William àti Eliza Foster tí ó dàgbà. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ó sì ń bá wọn ṣe ìṣèlú, ṣùgbọ́n owó kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwé kò fa ọmọ náà lọ́kàn mọ́ra. Ní ọdún 1841 wọ́n fi í sí Jefferson College ní Canonsburg, kò sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ tí ó fi padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi èyí ṣe àwáwí níwájú àwọn olùkọ́! Orin ni ti rẹ̀: ó ń fọn fèrè, ó ń tẹ dùùrù, ọmọ ọdún 18 péré sì ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ orin rẹ̀ jáde ní ọdún 1844.

Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Cincinnati, ó sì di akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dunning ní ìpín nínú rẹ̀. Odò Ohio ni ó wà níwájú ìlú náà, òdìkejì odò sì ni Kentucky, níbi tí òfin gbà kí ènìyàn ní ẹrú. Bí ó ti ń ṣe ìṣirò owó ni ó ń ṣẹ̀dá orin. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1847, wọ́n kọ Oh! Susanna ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Pittsburgh. Kò pẹ́ tí orin náà fi gba gbogbo ilẹ̀ kan; àwọn tí ń lọ wa wúrà ní California ní ọdún 1849 ń kọ ọ́ lójú ọ̀nà. Láàárín ọdún mẹ́ta, oríṣiríṣi atẹ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ ju ìgbà 20 lọ. Gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́, 100 dọ́là ni Foster rí nínú gbogbo rẹ̀. Òfin ìgbà náà dáàbò bo ìwé orin tí a tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ orin ẹlòmíràn lórí ìtàgé kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kọ́bọ̀.

Síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó ní orin ni òun yóò máa fi jẹun, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní ọdún 1849 àwọn atẹ̀wé Firth, Pond ní New York bá a ṣe àdéhùn láti san sẹ́ǹtì 2 fún un lórí ìwé orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìnáwó wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1850 ó gbé Jane McDowell níyàwó, wọ́n sì bí Marion, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ní ọdún 1851.

Ní àkókò yìí, eré kan gbòde, nínú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi èédú kun ojú, tí wọ́n ń ṣe bí ẹrú aláwọ̀ dúdú láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. E. P. Christy wà lára àwọn tí ó lókìkí jù nínú àwọn eléré náà. Nígbà tí Foster ṣẹ̀dá Old Folks at Home ní ọdún 1851, ó gba 15 dọ́là lọ́wọ́ Christy, wọ́n sì tẹ orúkọ Christy sára ìwé náà bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ń san owó Foster, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1852 ó kọ lẹ́tà sí Christy. Ó ní òun ti fi orúkọ òun pamọ́ nítorí pé àwọn kan ń fi ojú àbùkù wo irú orin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti pinnu láti máa ṣe é láìbẹ̀rù, láìtijú, nítorí náà kí Christy jọ̀wọ́ kí orúkọ òun padà. Christy kọ̀, ó tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ èébú sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Àdánù yìí ni àwa kà sí èyí tí ó tóbi jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀, ju ti owó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wà tí a kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú orin yìí kan náà, aláwọ̀ dúdú kan ń ṣàárò oko tí a ti fi ṣe ẹrú. Foster kò rí odò Suwannee ti Florida tí ó fi sínú rẹ̀ rí. Inú ìwé àwòrán ilẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Morrison ti wá orúkọ odò náà. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó rìnrìn àjò jìnnà sí Gúúsù, nígbà tí ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Orleans ní ọdún 1852. Àwa ọmọ aláwọ̀ dúdú kò lè ka apá yìí kí ó má dùn wá, nítorí kò sí ẹni tí ó bi ẹrú léèrè bóyá oko náà wù ú. A kò sì gbọdọ̀ fi ìdajì òtítọ́ pamọ́: ìwé Harriet Beecher Stowe tí ó lòdì sí òwò ẹrú ni ó ru Foster sókè láti ṣẹ̀dá My Old Kentucky Home ní ọdún 1853, kò sì fi èdè ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́. Frederick Douglass, tí òun tìkára rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, sọ ní ọdún 1855 pé irú orin wọ̀nyí ń mú kí àánú ẹrú ṣe ènìyàn. Kentucky fi í ṣe orin ìpínlẹ̀ ní ọdún 1928, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ àbùkù inú rẹ̀ padà ní ọdún 1986. Ère Foster tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Pittsburgh ní ọdún 1900, pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú kan tí ó jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń ta bánjò, ni wọ́n gbé kúrò ní ọdún 2018.

Kí a padà sí ìtàn. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí ó ń ná owó kí ó tó dé. Ní ọdún 1857 ó ta gbogbo èrè tí ì bá máa wọlé lórí àwọn orin rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ní 1,872 dọ́là. Ní ọdún 1860 ó kó lọ sí New York, ìyàwó rẹ̀ sì padà sí Pennsylvania, ó ń ṣiṣẹ́ wáyà láti bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ. Ọtí ti gba Foster. Ó ń ṣẹ̀dá orin kánkán, ó sì ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1864 ó ṣubú nínú yàrá rẹ̀, ó sì fara gbọgbẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Cooper gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bellevue, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 13. Ọmọ ọdún 37 ni. Sẹ́ǹtì 38 ni wọ́n bá nínú àpò owó rẹ̀. Jane àti Morrison wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí Pittsburgh, wọ́n sì sin ín sí Allegheny Cemetery.

Ní ọdún 1879, àṣẹ ìtẹ̀jáde Old Folks at Home pé 28 ọdún, ó sì parí. Jane àti Marion ni ó gba àṣẹ tuntun. Ìgbà náà ni wọ́n tó tẹ orúkọ Stephen Foster sára ìwé orin náà.