Christopher Reeve: Ẹṣin dúró, Superman jábọ́

Lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin bọ̀ ní Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, aṣọ ni ojú máa ń wò, àti gàárì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àti bí ẹṣin ṣe ń jó. Ìlù ń dún, ìbọn ń dún, fóònù ló kún ọwọ́ àwọn èèyàn. Ta ló ń rántí egungun ọrùn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ìlú tó fẹ́ràn ẹṣin tó báyìí yẹ kó mọ ìtàn Christopher Reeve, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà ti wá.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Òun ni Superman inú fíìmù, ọkùnrin aláṣọ búlúù tó so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀yìn, tó ń fò lójú sánmà. Èyí àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1978, mẹ́ta míì sì tẹ̀ lé e títí di ọdún 1987. Ìlú New York ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1952. Ní ilé ẹ̀kọ́ Juilliard tó ti kọ́ṣẹ́ eré ìtàgé ni òun àti Robin Williams, aláwàdà nì, ti di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ó ga gan-an, ó sì láyà. Ó mọ bàálù wà débi pé òun nìkan ló wà á la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti ẹṣin yàtọ̀. Ara rẹ̀ kì í gba ẹṣin rárá. Oògùn ló máa ń lò kó tó lè sún mọ́ ọn. Fíìmù Anna Karenina tó ṣe lọ́dún 1985 ló mú un kọ́ ẹṣin gígùn, nítorí pé ẹni tó ń ṣe nínú eré náà gbọ́dọ̀ gun ẹṣin. Eré parí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹṣin ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ti wọ inú ìdíje, èyí tí wọ́n ti ń fi ẹṣin fo ìdènà.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1995, nílùú Culpeper ní ìpínlẹ̀ Virginia. Buck lorúkọ ẹṣin rẹ̀. Wọ́n fo ìdènà kìn-ín-ní, wọ́n fo èkejì. Ẹ̀kẹta ò ga, nǹkan bíi mítà kan péré ni. Buck sáré débẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò, ló bá dúró gbagidi.

Ẹṣin dúró, ẹni tó gùn ún ò dúró. Reeve ta síwájú. Ó yẹ kó na ọwọ́ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ìjánu ti kọ́ ọ lọ́wọ́ méjèèjì. Ó fa ìjánu náà tu kúrò lórí ẹṣin, ó sì forí sọlẹ̀ ní òdìkejì ìdènà. Akoto wà lórí rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ò sì fara pa, ṣùgbọ́n akoto kì í bo ọrùn. Egungun ọrùn méjì tó wà lókè pátápátá ló ṣẹ́, èyí tó gbé orí dúró gan-an. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, kò lè mí mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí, tí wọ́n tètè fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, tí wọ́n sì di ọrùn rẹ̀ mú kó má yẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn tó ń fi okùn fa ẹṣin dúró wo ibí yìí dáadáa. Eré àsápajúdé kọ́ ló bá Reeve, ibi gíga kọ́ ló ti já. Ọwọ́ tí kò ráyè ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mú ẹṣin ló máa ń wé okùn mọ́ ọwọ́, kó má bàa bọ́. Bí ìbọn bá dún, tí ẹṣin ta, òun àti ọwọ́ yẹn ni yóò jọ lọ. Bí ẹnìkan bá sì já, àwa alábàáàánú á rọ́ dé: ẹnìkan á gbé apá, ẹnìkan á gbé ẹsẹ̀, ó di inú ọkọ̀. Àánú ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá ti ṣẹ́, irú gbígbé bẹ́ẹ̀ lè ba ohun tí ìṣubú ò bà jẹ́.

Wọ́n fi hẹlikópítà gbé Reeve lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Virginia. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi so agbárí rẹ̀ padà mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Nígbà tó lajú, tó gbọ́ pé láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ ni ara òun ti rọ, pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá òun mí, ó ronú pé bóyá kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Dana ìyàwó rẹ̀ ò gbà. Ó ní ẹni tí òun fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Will ọmọ wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, dókítà kan wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Rọ́ṣíà, ó ń sọ ìsọkúsọ. Kò pẹ́ tí Reeve fi mọ̀ pé Robin Williams ni. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín látìgbà tó ti já nìyẹn.

Kò jókòó sílé láti máa ka ìṣòro. Lóṣù Kẹta ọdún 1996, wọ́n gbé e jáde lórí kẹ̀kẹ́ arọ níbi àmì ẹ̀yẹ Oscar, gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún un. Ó darí fíìmù, ó ṣeré nínú òmíràn, ó kọ ìwé, ó sì ń rọ ìjọba àti àwọn aṣòfin lórí owó ìwádìí àti ti ìtọ́jú. Lọ́dún 2000, ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tó bá pàṣẹ fún un. Ìka kan péré, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ìtọ́jú! Buck ńkọ́? Kò dá a lẹ́bi.

Egbò ló dá ohun gbogbo dúró, irú èyí tó máa ń yọ lára ẹni tó bá jókòó tàbí dùbúlẹ̀ síbì kan pẹ́, tí kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ní olùtọ́jú lọ́sàn-án lóru ló ṣẹlẹ̀ sí o. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2004, kòkòrò wọ inú egbò náà, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó dákú, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ 10 oṣù náà ló kú, lẹ́ni ọdún 52, ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìdènà kẹta yẹn.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Dana lóṣù Kẹta ọdún 2006. Will ọmọ wọn ti di akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n báyìí, àjọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ṣì ń ran àwọn tí ara wọn rọ lọ́wọ́.