BABA FRANCIS AUPIAIS (1877–1945): ÀLÙFÁÀ TÍ Ó MỌ IYÌ ÌLÙ ÀTI ORIN WA

Nínú ayọ̀ júbílì ìjọ wa ní Massè, ó yẹ kí a kí ẹgbẹ́ akọrin, nítorí àwọn ni ohùn àjọ̀dún. Wọn kì í gba owó oṣù. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé nírọ̀lẹ́, ìyá tí ó ti ọjà Adja-Ouèrè bọ̀, ọmọ ilé-ìwé tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ìsinmi wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ orin tí a óò gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí agogo bá dún, tí ìlù bá dáhùn, tí a sì fi èdè Nàgó gbé orin sókè níwájú pẹpẹ, ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣe làálàá kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀gàn lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Baba Francis Aupiais, ẹni tí a fẹ́ rántí ní ojú ìwé yìí.

A bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1877 ní Saint-Père-en-Retz, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ó wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Míṣọ́nnárì Áfíríkà tí ó wà ní Lyon, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn àlùfáà rẹ̀ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1902. Ní ọdún 1903 ni ó dé Dàhòmì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ilé-ìwé ìjọ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún rẹ̀ láàrin wa.

Ní ọdún 1903 yìí kan náà ni Pápà Pius Kẹwàá gbé òfin jáde lórí orin inú ìjọ. Òfin náà ka ìlù mọ́ àwọn ohun èlò aláriwo tí a kò gbọdọ̀ lò nínú ilé Ọlọ́run. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìdí òfin náà hàn gbangba, nítorí pé orin ilé eré ti ń gba ipò àdúrà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, níbi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ní kí àlejò wọlé, ṣùgbọ́n kí ó fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ìgbà náà sì gbà pé ohun gbogbo tí àwọn baba wa ní, ti èṣù ni.

Orin òkèèrè tí a kàn yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí èdè wa tún ní ìṣòro tirẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ohùn ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ìtumọ̀ á bàjẹ́, ẹni tí ń kọrin á sì máa wí ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn Gùn ará Àjàṣẹ́. Orin tí ó bá jáde láti inú èdè fúnra rẹ̀ nìkan ni ó ń bá ọ̀rọ̀ rìn.

Baba Aupiais kò dé pẹ̀lú ìmọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ àti àwọn àgbà ìlú ni ó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ó fetí sí òwe, sí ìtàn, sí orin, ó sì rí i pé àwọn tí òun wá wàásù fún kì í ṣe igbá òfìfo. Ní ọdún 1925 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sọ ọ́ ní La Reconnaissance africaine. Ní èdè Faransé, orúkọ náà lè túmọ̀ sí kí a mọ ènìyàn fún ohun tí ó jẹ́, ó sì tún lè túmọ̀ sí ìmoore. Ó fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa láyè láti kọ̀wé sínú rẹ̀. Paul Hazoumé, ẹni tí ó di òǹkọ̀wé ńlá lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa Nàgó fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sínú ìwé náà. Òun ni ó di àlùfáà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1928.

Ibi tí iṣẹ́ Baba Aupiais ti hàn sí tọmọdé tàgbà ni àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa, nígbà tí a ń rántí àwọn Amòye tí wọ́n ti ìlà oòrùn wá júbà Jésù Ọmọ-ọwọ́. Bí ọba bá ń lọ kí Ọba, báwo ni a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa? Pẹ̀lú ìlù ni, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú aṣọ oyè. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ Àjàṣẹ́ fi eré àti orin ṣe àjọ̀dún náà ní gbangba. Òfin ti ìlù mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìjọ, ṣùgbọ́n kò lé e kúrò ní ìgboro. Ẹ̀yin akọrin mọ ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà: ẹni tí yóò lé orin, àwọn elégbè tí yóò gbè é, onílù tí kò gbọdọ̀ sáré ju ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn lọ, àti ọ̀pọ̀ alẹ́ ìdánrawò tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Keferi tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ní ohùn tí ó mọ̀, onígbàgbọ́ náà sì rí i pé ìrìbọmi kò sọ òun di àlejò ní ilé baba òun.

Ní ọdún 1928 àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé fi í jẹ olórí ẹ̀ka Lyon. Ní ọdún 1930 ó padà wá sí Dàhòmì pẹ̀lú ayàwòrán kan, Frédéric Gadmer. Albert Kahn, olówó kan ní Paris, ni ó san owó iṣẹ́ náà. Wọ́n ya fíìmù nípa ìgbé ayé àwọn Kristẹni, wọ́n sì ya òmíràn nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Fíìmù kejì yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìjọ kan bi í pé kí ni àlùfáà ń wá nídìí òrìṣà. Ní ọdún 1931 ó kúrò ní ipò olórí, kò sì tún padà wá gbé Àjàṣẹ́ mọ́. Kò fi ìjọ sílẹ̀, kò sì bú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó gba ìyà náà bí ọmọ ilé. Àwọn fíìmù náà ṣì wà ní ilé àkójọ Albert Kahn nítòsí Paris títí di òní. Wọn kò ní ohùn: a ń rí ọwọ́ onílù, a kò gbọ́ ìlù rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ọmọ ìgbà rẹ̀ ni. Kò béèrè pé kí Faransé kó ẹrù kúrò nílẹ̀ wa, àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ nípa wa kò sì ní dùn létí wa lónìí. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ lòdì sí iṣẹ́ àfipáṣe tí ìjọba ń fi ni àwọn ènìyàn lára, ó sì ń rìn káàkiri Faransé láti sọ fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ pé àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀kan ní ọgbọ́n àti ọlá.

Àwọn ará ibí kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, wọ́n dìbò yàn án láti ṣojú Dàhòmì àti Tógò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ní ìdìbò kan náà ni a yan Sourou-Migan Apithy, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ dé. Baba Aupiais kú ní Paris ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún náà gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Kútọnu.

Ó kú kí ó tó rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1963, Àpéjọ Fatikani Kejì kéde pé kí a fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ní iyì tí ó tọ́ sí i nínú ìsìn Ọlọ́run. Lóde òní, adjogan, orin ààfin ọba Àjàṣẹ́ tí a ń fi ọ̀pá irin olórùka kọ, ń dún nínú Míísà. Ìlù tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọrin wa, nígbà tí ó bá rẹ̀ yín ní alẹ́ ìdánrawò, ẹ rántí pé ohun tí ẹ dì mú lọ́wọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí orin Nàgó kú mọ́ àwọn ọmọ yín lẹ́nu. Ẹni tí a fi ogún lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sùn lé e lórí.

Kí Olúwa fún Baba Francis Aupiais ní ìsinmi ayérayé, kí ìmọ́lẹ̀ àìnípẹ̀kun sì máa tàn sí i lára. Àmín.