Macaulay, ilẹ̀ Apápá àti owó ilé wa l'Ékòó

Orí òpópónà Herbert Macaulay ní Yábà ni mo dúró sí lóṣù tó kọjá nígbà tí ẹ́jẹ́ǹtì kan ń ṣírò owó fún mi. Míní fláàtì ni o, yàrá kan àti pálọ̀, pẹ̀lú kíṣìnnì tí ènìyàn méjì kò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Owó ọdún méjì ni onílé fẹ́ gbà, ká má tíì sọ ti owó àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tí mo bá bàjẹ́. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, ó lé ní mílíọ̀nù 4 náírà.

Mo kọ́ nípa òfin, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu. Mo rán an létí pé òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ gba ilé lọ́wọ́ òfin.

Ibi tí mo ti ń wá èsì tí màá fún un ni mo ti gbójú sókè, tí mo rí orúkọ bàbá náà lára pátákó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jẹ́ ọ̀dọ́, orúkọ òpópónà lásán la mọ Macaulay sí. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ díẹ̀ lè rántí pé àwòrán rẹ̀ ló wà lára náírà kan, bàbá onírungbọ̀n imú funfun. Wọ́n sọ fún wa nílé ìwé pé òun ni bàbá òṣèlú Nàìjíríà. Ohun tí wọn kò sọ fún èmi ni pé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni, àti pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó ló gbé orúkọ rẹ̀ dé London.

Wọ́n bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay l'Ékòó ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1861, ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀. Thomas Babington Macaulay, bàbá rẹ̀, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀. Abigail, ìyá rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni. Ká má parọ́, ọmọ ilé ire ni, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wíwá ilé kiri.

Ìjọba ló rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba. Ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ máa ń mọ ilẹ̀ tó jẹ́ ti ta ni, ibi tí ààlà rẹ̀ dé, àti ẹni tí ìjọba fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ń wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀: àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi orúkọ ẹni tí kò sí gba ilẹ̀ ìjọba, tó sì ń tà á jèrè. Inú àwọn ọ̀gá yẹn kò dùn sí i, ó yẹ ká rántí ìyẹn náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ lónìí kò ní sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ní 1913 pàápàá, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì nítorí owó ogún kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n yẹn ni kò jẹ́ kó lè du ipò kankan títí tó fi kú.

Ṣùgbọ́n aráàlú kò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó omi lọ́wọ́ àwọn onílé Èkó, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìjà náà, tó sọ pé nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fa omi ẹ̀rọ, àwọn ará Èkó ní kànga tiwọn. Níbí, èmi kò fara mọ́ ọn tán. Omi ẹ̀rọ dára, ìlú ńlá kò lè máa mu kànga lọ títí. Àmọ́ ó mọ nǹkan kan tí a ti gbàgbé: gbogbo owó tí ìjọba bá gbé ka orí ilé, ẹni tó ń gbé inú ilé náà ló máa san án nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ Apápá ló wá fa gbogbo rẹ̀ jáde. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún ìlò ara rẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ní ilẹ̀ ìdílé òun ni, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Ìjọba kò sọ pé àwọn kò ní san nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sọ burú jùyẹn lọ: wọ́n ní olóyè náà kò ní ilẹ̀, àṣẹ láti bójú tó o lásán ló ní, nítorí pé Dòsùnmú ti fi gbogbo Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Owó táṣẹ́rẹ́ ló tọ́ sí i nìyẹn. Adájọ́ àgbà l'Ékòó fara mọ́ ìjọba. Ilé ẹjọ́ kejì náà fara mọ́ wọn.

Macaulay gbà pé ká gbé e lọ sí Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Ní 1920, òun àti Olóyè Olúwa jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí dání, ó sì ń fi han àwọn òyìnbó oníwèé ìròyìn níbẹ̀ pé ọba tó ní ìlú ló rán òun wá. Inú bí ìjọba Èkó. Wọ́n ní kí Elékòó jáde sọ fún gbogbo ayé pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Elékòó kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì dá owó oṣù rẹ̀ dúró.

Oṣù Keje ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde. Gbogbo ẹni tó kọ́ òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà ló mọ ẹjọ́ yìí, òun la máa ń kọ́kọ́ kà. Àwọn adájọ́ ní kò tọ́ kí wọ́n máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, olóyè ń dì í mú fún wọn ni, ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ìjọba bá fẹ́ ẹ, kó san owó rẹ̀ pé pérépéré, bí ẹni ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. £22,500 ni wọ́n san fún Olúwa.

Èyí ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ojúkòkòrò onílé nìkan ló gbówó ilé lórí l'Ékòó. Ojúkòkòrò wà, mo ti rí i lójú kòrókòró. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilé ni owó náà ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀, àti lórí ẹni tó lágbára láti gbà á. Nígbà tí ìjọba bá mọ̀ pé òun máa san owó gidi kí òun tó lé ènìyàn kúrò níbì kan, ó máa rò ó dáadáa. Ohun tí Macaulay bá wa gbà ní London nìyẹn.

Òótọ́ ni pé àwọn ìdílé onílẹ̀ ló jà fún, kì í ṣe ayálégbé. Kò sí ayálégbé kankan nínú ọkọ̀ yẹn.

Ìyókù ayé rẹ̀, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà sì ń wọlé ìbò l'Ékòó léraléra láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ lè dupò. Ó jà títí wọ́n fi dá Elékòó padà láti ìgbèkùn ní 1931. Ó tún ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1928 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde. Ní 1944 òun àti Azikiwe dá NCNC sílẹ̀, ó sì di ààrẹ rẹ̀ nígbà tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ibi tó ti ń bá ẹgbẹ́ náà rin ìrìn àjò kiri ni àìsàn ti mú un ní Kánò. Wọ́n gbé e padà wálé, ó sì kú l'Ékòó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946.

Ọdún 32 lẹ́yìn ikú rẹ̀, oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun ṣe òfin lílo ilẹ̀. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Tí gómìnà bá gba ilẹ̀ rẹ báyìí, ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ ló máa san owó rẹ̀. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí o bá san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni. Ẹ fi wé ìdájọ́ 1921. Nǹkan tí adájọ́ òyìnbó kọ̀ fún ìjọba òyìnbó, àwa fúnra wa gbé e fún ìjọba tiwa, a tún fi ìwé òfin orílẹ̀-èdè dè é mọ́lẹ̀ kó má baà rọrùn láti yí padà.

Ní oṣù Keje ọdún 1990, wọ́n fi katakátá wó Màrókò. Ìjọba ní ilẹ̀ náà ti di tòun tipẹ́. Àwọn tí wọ́n lé jáde, wọ́n ní wọ́n tó 300,000. Àwọn díẹ̀ rí ilé tí kò tíì parí gbé ní Ìlasàn àti Ìkọ̀tá, àwọn tó kù lọ há ara wọn mọ́ ìyàrá àwọn ẹlòmíì káàkiri Èkó. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ilé olówó ńlá ló máa rí. Báyìí ni ilé tálákà ṣe ń dín kù tí àwọn tó ń wá a sì ń pọ̀ sí i, kí ló máa wá ṣe owó ilé tí kò ní gun òkè?

Mo fẹ́ kí wọ́n tún òfin 1978 yẹn ṣe, kí owó gbà-má-bínú kan ilẹ̀ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá wó, ilé tí ẹni tí wọ́n lé máa lágbára láti gbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀. Jákáńdè kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ní ọdún mẹ́rin péré tó fi ṣe gómìnà, ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn. Ti òfin 2011 tó kan àwa ayálégbé, ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ṣé ẹ ti gbọ́ onílé kan tó ṣẹ̀wọ̀n rí? Èmi kò tíì gbọ́. Òfin náà tún yọ agbègbè mẹ́rin sílẹ̀ tí kò kàn rárá: Ìkòyí, Victoria Island, GRA Ìkẹjà, àti Apápá. Bẹ́ẹ̀ ni, Apápá náà.

Ẹ́jẹ́ǹtì yẹn tún pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní onílé ti gbà láti gba owó ọdún kan àti ààbọ̀. Mo ti yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń wá ìyókù.