Ìgbé-ayé Ìyá Wa Mary Fletcher (1739–1815)

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹsẹ Bíbélì méjì ni a sábà máa ń kà sí wa létí bí obìnrin bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ: 1 Kọ́ríńtì 14:34 àti 1 Tímótéù 2:12. Nínú ìwé ìròyìn wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ìyá kan nínú Ìjọ Elétò tí kò sá fún ẹsẹ méjèèjì, tí kò sì gbà kí a fi wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́.

A bí Mary Bosanquet ní ọdún 1739 ní Leytonstone, lẹ́bàá ìlú London. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn Kristẹni ilẹ̀ Faransé tí inúnibíni lé wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan nínú ilé wọn tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Elétò ni ó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìgbàgbọ́ yìí. Bí ó ti ń dàgbà, ọkàn rẹ̀ kúrò lára aṣọ olówó ńlá àti òde àríyá. Baba rẹ̀ ní kí ó ṣèlérí pé òun kò ní fa àwọn àbúrò òun ọkùnrin sínú ẹ̀sìn náà. Ó bọ̀wọ̀ fún baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi kúrò nílé, tí ó lọ gba yàrá.

Ní ọdún 1763, òun àti arábìnrin kan tí ń jẹ́ Sarah Ryan ṣí ilé kan ní Leytonstone fún àwọn ọmọ aláìníyàá àti àwọn aláìní. Owó ara rẹ̀ ni ó ń ná sí i. Ní ọdún 1768 wọ́n kó lọ sí Cross Hall ní agbègbè Yorkshire. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wá bá wọn gbàdúrà. Ìpàdé náà ń gbèrú, a sì ń pè é láti ìlú dé ìlú kí ó wá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà náà ni ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Pọ́ọ̀lù ti kọ̀ ọ́ fún obìnrin.

Ní ọdún 1771, Mary kọ lẹ́tà sí John Wesley fúnra rẹ̀ láti béèrè ìmọ̀ràn. Nínú lẹ́tà náà ó fi ẹsẹ wé ẹsẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ìwé Tímótéù ń kìlọ̀ kí aya má ṣe gba àṣẹ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí obìnrin má sì fi ipá gba ìṣàkóso ìjọ. Ní ti ìwé Kọ́ríńtì, ó rán Wesley létí pé nínú ìwé kan náà, ní orí 11, Pọ́ọ̀lù kọ́ obìnrin bí yóò ti borí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbàdúrà tàbí tí ó bá ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ta ni yóò ṣe òfin ìborí fún ẹni tí kò gbọdọ̀ la ẹnu? Ó tún dárúkọ Dèbórà, àti obìnrin ará Samáríà tí ó ké sí gbogbo ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo Jésù. Síbẹ̀ kò sọ pé gbogbo obìnrin ni a pè, gẹ́gẹ́ bí a kò ti pe gbogbo ọkùnrin.

Wesley dá a lóhùn pé òun gbà pé ìpè rẹ̀ jẹ́ ìpè àrà ọ̀tọ̀, bí iṣẹ́ Ìjọ Elétò fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Ó gbà á láyè gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó yàtọ̀ sí òfin. Kò yí òfin padà. Ṣùgbọ́n Mary rí ọ̀nà, ó sì ń tọ̀ ọ́.

Kò tíì ní ọkọ nígbà tí ó kọ ohun tí ó kọ nípa àṣẹ ọkọ. Ìdánwò rẹ̀ dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1781, nígbà tí ó fẹ́ Àlùfáà John Fletcher ti Madeley, ọmọ bíbí ilẹ̀ Switzerland. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Fletcher kò ní kí ó jókòó sílé. Wọ́n jọ ń bẹ àwọn aláìsàn wò, wọ́n jọ ń darí ìpàdé, inú ọkọ sì ń dùn sí iṣẹ́ aya rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ìtẹríba aya kò dí ìpè Ọlọ́run lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìpè náà kò sọ aya di aláfojúdi.

Kò pé ọdún mẹ́rin tí ikú fi mú ọkọ rẹ̀ lọ, ní oṣù kẹjọ ọdún 1785. A gba opó náà láyè láti máa gbé inú ilé àlùfáà. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Madeley, tí ó ń wàásù nínú abà ńlá kan tí wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá irè oko sí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1803, Àpéjọ Ìjọ Elétò ní Manchester pinnu pé kò yẹ kí obìnrin máa wàásù, àfi fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tòun ti ìyọ̀ǹda àwọn alákòóso. Mary kò dákẹ́. Ó ń bọ́ agbo Olúwa títí ó fi sùn nínú Olúwa ní oṣù kejìlá ọdún 1815, ní ẹni ọdún 76. Ọdún 1974 ni Ìjọ Elétò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn obìnrin joyè àlùfáà.

Kí ni a rí kọ́? Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ó bá fi ẹsẹ kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Bí a bá ka 1 Kọ́ríńtì 14, kí a ṣí orí 11 pẹ̀lú. Bí a bá ka ìwé Tímótéù, kí a ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:26, níbi tí Ákúílà àti Pírísílà, tọkọtaya, ti jọ kọ́ Àpólò lẹ́kọ̀ọ́. Àwa tí a bá sì pè, kí a má ṣe fi Bíbélì ṣe ibi ìsápamọ́sí fún ìbẹ̀rù wa. Arábìnrin kan lè wà nínú kíláàsì wa tí Olúwa ti fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó dìde.

Kí Olúwa là wá lójú láti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àkàyé. Àmín.