ÌTÀN ÌGBÉSÍ-AYÉ AMBROSE, BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÌLÚ MILAN

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn bàbá kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó mọ òfin, tí ó sì mọ àánú.

Ní nǹkan bí ọdún 339 ni wọ́n bí Ambrose ní ìlú Trier, tí ó wà ní Jámánì lónìí. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di gómìnà ní àríwá Ítálì, Milan ni ibùjókòó rẹ̀. Ní ọdún 374, bíṣọ́ọ̀bù Milan kú, ìjọ sì pín sí méjì lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Gómìnà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti pẹ̀tù sí aáwọ̀, ni èrò bá ní òun gan-an ni àwọn fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì ṣe ìrìbọmi! Ó kọ̀ títí, ó sú u, ó gbà.

Ní ọdún 378, àwọn Goth ṣẹ́gun ọmọ-ogun Róòmù ní Adrianople, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbèkùn. Ambrose bá kó ohun èlò mímọ́ ilé Ọlọ́run, ó yọ́ wọn, ó fi owó rẹ̀ ra àwọn ìgbèkùn padà. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ figbe ta pé ó ba ohun mímọ́ jẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run kò fún ìjọ ní wúrà kí ó máa tò ó jọ, bí kò ṣe kí ó fi ran aláìní lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin o. Ní ọdún 390, àwọn ará Tẹsalóníkà pa ọ̀gá ọmọ-ogun kan. Inú bí Ọba Theodosius, ó pàṣẹ, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú ní ìpakúpa. Òpìtàn àtijọ́ kan ní wọ́n tó 7,000. Ambrose fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọba pé òun kò ní ṣe ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa níṣojú rẹ̀ títí yóò fi ronú pìwà dà. Ọba bọ́ ẹ̀ṣọ́ oyè rẹ̀ sílẹ̀, ó sọkún níwájú ìjọ, kí wọ́n tó gbà á padà.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Ambrose náà. Ní ọdún 388, àwọn onígbàgbọ́ kan sun sínágọ́gù àwọn Júù ní Callinicum. Ọba ní kí wọ́n tún un kọ́, Ambrose ló dènà rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àánú rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 397.

Ẹ̀yin ará, òfin tí ó wà fún ohun èlò lè yẹ̀ fún ẹni tí ó wà nínú ìdè, ṣùgbọ́n òfin tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn kò gbọdọ̀ yẹ̀ fún ọba pàápàá. A ń bọ̀wọ̀ fún pẹpẹ, a ń tọ́jú sùtánà wa, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ebi bá wá ń pa opó lẹ́nu géètì wa ńkọ́, yálà ó jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí kì í ṣe ọmọ ìjọ? Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí a ó dì mú ṣinṣin, àti èyí tí a ó tú sílẹ̀ nítorí àánú. Àmín.