Damien ti Molokai

Damien ti Molokai (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Jozef De Veuster, ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1840 – ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1889) jẹ́ àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì àti míṣọ́nnárì ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Ó lo nǹkan bí ọdún 16 láàárín àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní erékùṣù Molokai ní Hawaii, kí àrùn kan náà tó pa á. Ìtọ́jú tó fún àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn wá tọ́jú òun náà, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Damien sínú ìdílé àgbẹ̀ ní abúlé Tremelo. Ní ọdún 1859 ó wọ ẹgbẹ́ ìsìn Ọkàn Mímọ́ Jésù àti Màríà ní ìlú Leuven, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Pamphile ti wà ṣáájú. Pamphile ni wọ́n yàn láti lọ sí Hawaii, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró, Damien sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ dípò rẹ̀. Ó gúnlẹ̀ sí Honolulu ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1864, ó sì di àlùfáà ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní agbègbè Puna àti Kohala fún ọdún mẹ́sàn-án.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Molokai

Ní ọdún 1865, ní àkókò Ọba Kamehameha V, ìjọba Hawaii ṣe òfin pé kí wọ́n ya àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀. Láti ọdún 1866 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Kalaupapa, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí òkun yí ká níhà mẹ́ta, tí òkè gíga sì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí oògùn tó lè wo àrùn náà nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá kó lọ síbẹ̀ dágbére fún ẹbí rẹ̀ títí ayé ni.

Damien dé ibẹ̀ pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Louis Maigret ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1873. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn àlùfáà mẹ́rin yóò máa gba ibẹ̀ fún ara wọn, ṣùgbọ́n òun bẹ̀bẹ̀ láti dúró. Ó kọ́ ilé, ó kan pósí, ó gbẹ́ sàréè, ó di ojú egbò, ó mú ilé ìjọsìn Philomena Mímọ́ gbòòrò sí i, ó sì tọ́ àwọn ọmọ òrukàn.

Àìsàn rẹ̀ àti àwọn tó dúró tì í

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, Damien ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, kò sì mọ ìrora kankan. Nígbà tó yá, àwọn dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ìdáwà tún wúwo fún un ju àrùn náà lọ, nítorí kò sí àlùfáà mìíràn nítòsí tí yóò gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Honolulu kò sì gún. Wọn kò fẹ́ kí ó máa wá sí ìlú. Síbẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1886 ó lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Kakaako, níbi tí Ìyá Marianne Cope, olórí àwọn arábìnrin Fransísíkà láti Syracuse ní Amẹ́ríkà, ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní oṣù yẹn kan náà, Joseph Dutton, tó ti jẹ́ sójà nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, dé sí Molokai láti ràn án lọ́wọ́ láìgba owó. Ní ọdún 1888, àlùfáà Louis Lambert Conrardy, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m bíi tirẹ̀, dé. James Sinnett náà wá, òun ló sì ń tọ́jú ara Damien. Ní London, àlùfáà Áńgílíkà Hugh Chapman kó owó jọ ránṣẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ wọn kò pa pọ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1888, Ìyá Marianne dé pẹ̀lú àwọn arábìnrin Leopoldina Burns àti Vincentia McCormick. Ohun tó ń jẹ Damien lọ́kàn jù nígbà náà ni ta ni yóò tọ́ àwọn ọmọ òrukàn rẹ̀ lẹ́yìn òun. Ìyá Marianne ṣèlérí pé àwọn yóò tọ́jú wọn.

Ikú àti ogún rẹ̀

Damien kú ní ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1889, ní ẹni ọdún 49. Wọ́n sin ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn rẹ̀, lábẹ́ igi tó ti sùn sí nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1936 wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Leuven. Ní ọdún 1995 wọ́n dá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà sí Molokai.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò parun. Ìyá Marianne dúró níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1918, láìkó àrùn náà. Dutton ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí oògùn ẹ̀tẹ̀, ìjọba fòpin sí òfin ìyàsọ́tọ̀ ní ọdún 1969.

Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kéde Damien ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ó sì kéde Marianne náà ní ọdún 2012. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí Damien dé Molokai, ni ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀.